Kí Ló Fa Òyì Ọjọ́ Open Day? Ọ̀rọ̀ Gèèmù Kọ̀ǹpútà Nínú Headset VR

 Kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Open Day. Mo yá headset VR àti laptop ẹ̀gbọ́n mi wá. Èèyàn mẹ́rin àkọ́kọ́ lò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ọwọ́ sáfẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ẹni karùn-ún ní òyì ń kọ́ òun. Ẹni kẹfà jókòó sílẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni keje, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa, SS2, bì sẹ́nu ọ̀nà kó tó dé ìdí táàpù.

Kó tó di pé a jáde nílé-ìwé, ìtàn ti pọ̀. Àwọn kan ní ẹ̀mí wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Àwọn kan ní ọmọ náà ni ojú rẹ̀ kò lágbára, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Igbákejì Ọ̀gá Àgbà pè mí, wọ́n ní ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ wọ ọgbà mọ́, àfi tí mo bá lè kọ ohun tó fà á sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn kà á. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe ẹ̀mí, kì í sì í ṣe ojú ọmọ náà. Àwòrán ló ń pẹ́ dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí express. Ẹni tó bá ti wọ dánfó láti Berger wá sí Ìbàfò, tó tẹjú mọ́ fóònù lẹ́yìn ọkọ̀, á mọ ohun tí mò ń sọ. Tí mọ́tò bá ń já sí kòtò, tó ń yà bàrà fún trailer, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, itọ́ á máa dà lẹ́nu. Ìdí ni pé nínú etí wa lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ibi tí a fi ń gbọ́rọ̀, ọ̀pá tíntìntín mẹ́ta wà tó tẹ̀ bí òrùka, omi sì wà nínú wọn. Tí orí bá yí, omi náà á mì, ọpọlọ á sì mọ̀ pé a ti kúrò lójú kan. Lẹ́yìn dánfó, etí ń sọ pé à ń lọ, à ń yà. Ojú tó wà lórí fóònù ní a dúró jẹ́ẹ́. Ọpọlọ ò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́, ni inú bá ń rú.

Nínú headset, ojú ló ń sọ pé à ń rìn, etí ló ní a jókòó. Ìyẹn ti burú tó. Èyí tó tún burú jù ni kí èèyàn yí orí, kí etí ti sọ fún ọpọlọ pé orí ti yí, kí àwòrán sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó dúró wo bọ́ọ̀lù lọ́nà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, a ò tíì yí orí rí kí ògiri pẹ́ kó tó yí lójú wa. Ara ò mọ irú rẹ̀ rí.

Báwo ni àwòrán ṣe gbọ́dọ̀ yá tó? Sinimá ń lo àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sẹ́ni tó bì nítorí ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà lásán ń lo 60. Headset ń fẹ́ 72 tàbí 90, òmíràn dé 120. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Mílísẹ́kọ́ǹdù 1,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 90, ó kù 11.1. Ìyẹn ni pé láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 11 péré, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí orí rẹ kọjú sí, kó ya gbogbo igi àti ilé àti ènìyàn tó wà níbẹ̀, kó sì gbé e dé iwájú ojú rẹ. Tó bá lo 12, kì í ṣe pé yóò kàn pẹ́ díẹ̀ o. Ó dà bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀: ìṣẹ́jú kan lo fi pẹ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó kàn lo máa dúró dè. Headset á tún fi àwòrán àtijọ́ hàn ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ojú méjì la tún ní. Ẹ na ìka kan síwájú, ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ wá ṣí i kí ẹ di ti òsì: ìka yẹn á dà bíi pé ó fò. Ìfò yẹn ni ọpọlọ fi ń mọ ohun tó sún mọ́ni yàtọ̀ sí èyí tó jìnnà, nítorí náà ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àwòrán tirẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ jẹ́ 1,920 níbùú, 1,080 lóòró, tí a bá ka ẹyọ àwọ̀ tíntìntín tí wọ́n ń pè ní pixel. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Quest 2, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, jẹ́ 1,832 ní 1,920 fún ojú kan. Ti ojú méjèèjì lé ní mílíọ̀nù méje. Ẹ sọ ọ́ di 72 lẹ́ẹ̀kan ìṣẹ́jú àáyá, ó lé ní mílíọ̀nù 506. Ti ojú kọ̀ǹpútà lásán tó ń lo 60 ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 124 lọ. Iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, ká tó sọ pé dígí inú headset máa ń fẹ àwòrán, tí kọ̀ǹpútà fi ní láti yà á tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ kí àárín rẹ̀ má bàa ṣú. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà òun ń gbé gèèmù yìí dáadáa lójú skrín, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan nípa headset.

Síbẹ̀, gèèmù tí wọn ò ṣe fún VR rárá ló bẹ̀rẹ̀ VR ayé òde òní. Ní ọdún 2012, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Palmer Luckey, fi headset tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ránṣẹ́ sí John Carmack, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe gèèmù Doom. Doom 3 ti jáde láti 2004, wọ́n sì ń tún un ṣe lọ́wọ́ nígbà náà. Carmack mú un, ó so ó mọ́ headset yẹn, ó sì fi hàn níbi ìpàtẹ E3 ní oṣù kẹfà. Ní oṣù kẹjọ, Luckey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí aráyé dá owó jọ lórí Kickstarter. Ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là ló wọlé. Ní 2014, Facebook ra ilé-iṣẹ́ wọn, Oculus, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là. Nítorí Doom 3 tí wọ́n fipá wọ̀ nínú headset o.

Ohun tí Carmack ṣe náà ni gbogbo ẹni tó ń kó gèèmù lásán wọ VR ń ṣe. Nínú gèèmù, kámẹ́rà kan wà tí a kì í rí. Ohun tó bá dojú kọ la ń wò, mouse ló sì ń yí i. A máa gba kámẹ́rà yẹn lọ́wọ́ mouse, a máa so ó mọ́ orí èèyàn, a ó sì sọ ọ́ di méjì. Ibi sísọ di méjì yìí ni ọ̀nà ti yàtọ̀. Èyí tó dára jù ni kí kọ̀ǹpútà ya ayé gèèmù náà lẹ́ẹ̀mejì ní tòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló wúwo jù. Òmíràn á yà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gèèmù ti mọ bí pixel kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí, òun náà á wá fi ìyẹn fa àwòrán yẹn díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì. Ó fúyẹ́, àmọ́ etí ara àwọn èèyàn inú gèèmù á máa fà bíi rọ́bà. Ọ̀nà kẹta ni kó ya ti ojú ọ̀tún báyìí, ti òsì nígbà tó kàn. Ẹ ṣọ́ra fún èyí: tí headset bá kọ 72, ojú kọ̀ọ̀kan ń rí àwòrán tuntun ní ìgbà 36 péré.

Àwọn sọ́fíwià wà tó ń ṣe é láìjẹ́ pé èèyàn mọ kóòdù kọ. vorpX ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, owó ni wọ́n fi ń rà á. UEVR jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní praydog ló ṣe é, ó sì ń bá gèèmù tí wọ́n fi Unreal Engine 4 àti 5 ṣe lò. UEVR la lò lọ́jọ́ Open Day, pẹ̀lú gèèmù kan tí èèyàn ti ń rìn nínú igbó. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà kankan lè kàn fi gèèmù rẹ̀ hàn lórí skrín ńlá kan nínú headset, bí ẹni jókòó sí sinimá. Òyì kì í sábà kọ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró láàárín igbó yẹn rí, ẹ má sọ ti sinimá fún un.

Ó dáa, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wa?

Lẹ́yìn Open Day, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe nílé, ní OPIC níbí. Mo tan nọ́ńbà tó ń fi iye àwòrán hàn. 72 ló ń kọ, kò mì. Mo rìn nínú igbó yẹn fún ogún ìṣẹ́jú, nǹkan kan ò ṣe mí. Kí n má parọ́, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ojú ọmọ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, inú headset ni mo wà tí wọ́n fi mú iná lọ. Mi ò mọ̀ pé iná ti lọ, nítorí laptop ò kú. Ohun tí mo kàn rí ni pé tí mo bá yí orí, igi á kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi, á wá fò padà sí àyè rẹ̀, bí ohun tí wọ́n fi rọ́bà so mọ́ iwájú orí mi. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta itọ́ ti ń dà lẹ́nu mi. Mo bọ́ ọ, mo wo nọ́ńbà: kò tó 40.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Lọ́jọ́ Open Day, wọ́n mú iná lọ lẹ́yìn ẹni kẹrin! Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ fún hall nítorí àwọn òbí tó ń sọ̀rọ̀, wọn ò tan ti yàrá kọ̀ǹpútà. Laptop ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì, ni a bá ń pe ẹni tó kàn. Bátìrì kò lè gbé iná tó ṣájà ń gbé. Ṣájà laptop gèèmù lè gbé wátì 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá yọ ọ́, laptop fúnra rẹ̀ á dín agbára graphics card kù kí bátìrì má bàa bàjẹ́ tàbí kó tètè tán. Kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni karùn-ún, ẹni kẹfà àti ẹni keje, àwòrán tó ń pẹ́ ni wọ́n wò. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó ń fi ọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, tó bá jẹ́ pé òun ló wà ní ipò keje lórí ìlà, òun náà ni ì bá bì.

Mi ò ní fi gbogbo ẹ̀bi lé iná lórí. Headset yẹn ní ibi tí a ti ń ṣètò bí ẹyinjú méjì èèyàn ṣe jìnnà síra, nítorí kò dọ́gba: Quest 2 ní ipò mẹ́ta, mílímítà 58, 63 àti 68. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wàhálà ṣẹlẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan. Lórí ojú ẹ̀gbọ́n mi ló wà. Bákan náà, rírìn la ní kí wọ́n máa fi ọ̀pá ìka rìn nínú gèèmù, èyí tó le jù fún ẹni tí kò lò ó rí. Ká ní gèèmù mọ́tò ni, tí èèyàn jókòó, tó rí dáṣíbọ́ọ̀dù tó dúró sójú kan níwájú rẹ̀, ara ìbá tètè gbà á.

Nísinsìnyí, ẹni tó bá fẹ́ kí gèèmù rẹ̀ yá nínú headset, kó kọ́kọ́ gbàgbé ẹwà. Ibi tí gbogbo wa ti máa ń ṣàṣìṣe nìyí: a ti náwó, a fẹ́ kí omi máa dán. Nínú VR, 72 tí kò já rárá sàn ju 90 tó ń já lọ, nítorí náà ẹ gbé headset sí 72 kí ẹ lè ní mílísẹ́kọ́ǹdù 13.9 dípò 11.1. Ẹ wá wádìí ta ni ó rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, graphics card ni àbí CPU. Ẹ dín ìtóbi àwòrán kù gan-an. Tí nọ́ńbà bá gòkè, graphics card ni iṣẹ́ pọ̀ jù fún. Tí kò bá mì, CPU ni, a jẹ́ pé kí ẹ dín èrò inú gèèmù kù àti bí a ṣe ń ríran jìnnà tó, nítorí dídín àwòrán kù kò ní ṣe nǹkan kan fún un. Tó bá jẹ́ graphics card, ìdín díẹ̀ ń ṣe púpọ̀. Tí a bá sọ ìbú di ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a sọ òòró náà di 70, pixel tó kù jẹ́ 49, nítorí 0.7 lọ́nà 0.7 jẹ́ 0.49. Ó dín ju ìlàjì lọ. Lẹ́yìn náà, òjìji. Òjìji sábà máa ń wà lára ohun tó ń jẹ iṣẹ́ jù lẹ́yìn ìtóbi, bẹ́ẹ̀ náà ni omi tó ń fi àwòrán ọ̀run hàn àti koríko.

Àwọn kan wà tí ó yẹ ká pa bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ lágbára. Motion blur, tó ń jẹ́ kí àwòrán dàrú nígbà tí a bá yí, ẹ pa á. Èyí tó ń mú ẹ̀yìn ṣú kí iwájú lè hàn, ẹ pa á. Ojú wa ló yẹ kó yan ohun tó fẹ́ wò. Èyí tó ń mi kámẹ́rà sókè sílẹ̀ nígbà tí a bá ń rìn, ẹ tètè pa á ná kẹ́ ẹ tó wọ headset.

Ẹ̀tàn kan tún wà tó ń ranni lọ́wọ́. Láti 2016 ni Oculus ti fi sí i lórí kọ̀ǹpútà pé tí àwòrán tuntun kò bá dé lásìkò, headset á mú ti tẹ́lẹ̀, á yí i díẹ̀ kó lè bá ibi tí orí kọjú sí mu. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òmíràn tó ń fi àwòrán 45 ṣe 90, tó ń wo àwòrán tó ti kọjá láti fojú díwọ̀n èyí tó yẹ kó kàn. Ó dára, ṣùgbọ́n ó dà bí kí èèyàn máa bomi lé ọbẹ̀ àná. Lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó mọ̀. Tó bá di gbogbo ìgbà, ọwọ́ tó ń mì nínú gèèmù á máa ṣe bí ẹni wà lábẹ́ omi.

Tẹ́ ẹ bá ń so headset mọ́ kọ̀ǹpútà láìlo wáyà, ẹ lo Wi-Fi 5 GHz, kí router wà nínú yàrá kan náà, kí wáyà sì so kọ̀ǹpútà mọ́ router. Àwọn tó ń bi mí nípa dátà: gèèmù tó ń ti kọ̀ǹpútà bọ́ sí headset nínú ilé kan náà kì í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kì í jẹ dátà. Ìgbà tí ẹ bá ń wa gèèmù sílẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ti iná le ju ti dátà lọ. Graphics card RTX 3060 ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì nìkan lè gba wátì 170. Tẹ́ ẹ bá fi I-better-pass-my-neighbour gbé e pẹ̀lú fíríìjì àti fáànù, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Olùkọ́ wa kan bi mí pé kí ni àǹfààní rẹ̀ gan-an, yàtọ̀ sí gèèmù. Ìbéèrè tó dáa ni sà. Ní 2019, Joel Kachi Benson, ọmọ Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún sinimá Venice ní Ítálì fún fíìmù VR rẹ̀, Daughters of Chibok, nípa àwọn ìyá tí wọ́n jí ọmọ wọn gbé. Ní Èkó, Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ ní 2016 láti máa kọ́ àwọn èèyàn ní irú iṣẹ́ yìí. Fíìmù bẹ́ẹ̀ tún rọrùn fún wa ju gèèmù lọ. Wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ tán yíká, headset kàn ń fi apá tí a bá kọjú sí hàn ni, kò nílò laptop rárá.

Ohun tí mò ń bẹ Igbákejì Ọ̀gá Àgbà fún rèé. Kí wọ́n fún wa ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, wákàtí kan péré. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, lórí ìjókòó, fíìmù lákọ̀ọ́kọ́, gèèmù mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí òyì bá kọ́ díẹ̀ báyìí, kó bọ́ ọ, kó má ṣe ọkùnrin ògbójú. Ẹni tó ní wárápá kò ní lò ó. Meta tó ń ṣe Quest ní ọmọ tí kò pé ọdún 10 kò gbọdọ̀ lò ó, àti pé ẹni ọdún 10 sí 12 gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí. A ò ní fi JSS1 sí i rárá, kí ọ̀rọ̀ má pọ̀. Nọ́ńbà yóò wà lójú laptop níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Tó bá já sísàlẹ̀ 72, a dá a dúró. Ọmọ kíláàsì wa tó bì ti ní òun lòun máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa jókòó ti ṣájà títí a ó fi ṣe tán.